Ẹ Má Gé Lébìrà Kúrò Nínú Fọ́tò Oko: Bí A Ṣe Ń Wo Fọ́tò Àtijọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Oko àti Ilé Wọn

Bí fọ́tò oko àtijọ́ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, èyí tó ní olóko, òṣìṣẹ́ àti ahéré nínú, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lódindi kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí i. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí: etí tó ti ya, káàdì tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀, títí kan ibi tí ikán ti jẹ. Ìgbà tí ẹ̀dà yẹn bá ti wà nílẹ̀ la tó lè sọ̀rọ̀ gígé.

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ni mo ní ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ tó ń wọlé fún wa jù ni ti ìsìnkú. Àwọn ọmọ olóògbé á kó fọ́tò wá, wọ́n á ní kí n yọ ojú Bàbá, kí n gbé e tóbi fún pósítà. Èyí tí wọ́n yà lóko ló máa ń dá mi dúró. Bàbá á wà lórí àga níwájú, fìlà lórí, agboòrùn lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́fà á dúró lẹ́yìn rẹ̀ láìwọ bàtà, àdá lọ́wọ́. Lẹ́yìn tiwọn ni ahéré tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. "Àǹtí, ẹ bá wa gé àwọn lébìrà yìí kúrò." Ohun tí wọ́n máa ń wí nìyẹn. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó, kí a jọ wo fọ́tò náà dáadáa ná, nítorí ọwọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ gé yẹn ló gbin kòkó tí Bàbá fi kọ́ ilé, tó fi rán wọn lọ sílé ìwé.

Ohun tí mo máa ń ṣe pẹ̀lú wọn nínú ṣọ́ọ̀bù ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, kí ẹni tó jìnnà lè ṣe é fúnra rẹ̀ nílé.

Ẹ̀dà ṣíṣe

Fóònù tó ń ya fọ́tò dáadáa ti tó, ẹ kò nílò sikánà. Ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, ní àkókò tí oòrùn kò bá wọlé tààrà. Ẹ pa fúláàṣì. Ẹ gbé fọ́tò lélẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ mú fóònù dúró lókè rẹ̀ kí àwọn méjèèjì dọ́gba. Bí ẹ bá rí i pé igun kan fẹ̀ ju èkejì lọ, fóònù ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn. Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò kí ẹni tó bá rí ẹ̀dà rẹ̀ lè mọ bí ojúlówó ṣe tóbi tó. Ẹ ya odindi rẹ̀, ẹ yí i padà, ẹ ya ẹ̀yìn. Ìgbà náà ni kí ẹ wá sún mọ́ ojú kọ̀ọ̀kan, ọwọ́, ẹsẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé, igi tó wà lẹ́yìn.

Bí fọ́tò bá wà nínú férémù, tó sì ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má fà á. Ọ̀rinrin àti ooru ilẹ̀ wa máa ń so ojú fọ́tò pọ̀ mọ́ gíláàsì, ẹni tó bá fà á yóò fi ojú Bàbá sílẹ̀ lára gíláàsì náà. Ẹ yà á bẹ́ẹ̀ láti ìta, kí ẹnìkan na aṣọ dúdú sókè lẹ́yìn yín kí gíláàsì má baà máa dán.

Ẹ má fi omi nù ún. Ẹ má fi sẹ́lótéépù lẹ ibi tó ya. Èyí tó sì ń dùn mí jù ni lámínéètì: ooru ẹ̀rọ náà á se ojú fọ́tò, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọnú ìwé, kò sì sí bí a ṣe lè tú u mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kí ẹ fi gbọn eruku rẹ̀, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n láti àárín lọ sí etí.

Ta ló pe onífọ́tò wá?

Èyí ni kí ẹ bi fọ́tò náà kí ẹ tó béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sanwó ló máa ń sọ ibi tí kálukú á dúró sí. Bó ṣe rí nìyẹn kárí ayé láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò, ó sì yẹ kí ẹ mọ díẹ̀ nínú ìtàn yẹn kí ẹ lè rí ohun tó wà níwájú yín.

Ọdún 1839 ni Louis Daguerre gbé ọ̀nà tó fi ń ya fọ́tò jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹta ọdún 1850, ọ̀jọ̀gbọ́n Harvard kan tó ń jẹ́ Louis Agassiz mú kí onífọ́tò J. T. Zealy ya àwọn ẹrú láti inú àwọn oko tó wà yí ìlú Columbia ká, ní South Carolina. Wọ́n bọ́ aṣọ lára wọn kí wọ́n tó yà wọ́n. Bàbá kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Renty, ọmọbìnrin rẹ̀ Delia sì wà níbẹ̀. Lára ìwé pélébé tó bá àwòrán Renty rìn, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n kọ Kóńgò, wọ́n sì kọ orúkọ B. F. Taylor tó ni oko náà. Ọdún 1976 ni wọ́n tún rí àwọn àwòrán wọ̀nyí nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Peabody ní Harvard. Obìnrin kan tó ní ìran Renty ni òun ti ṣẹ̀ gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní 2019, ó sì di 2025 kí ilé ẹ̀kọ́ náà tó gbà láti fi àwọn àwòrán náà sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé orúkọ tí wọ́n kọ sí ìwé pélébé yẹn ló mú kí ẹnìkan lè dìde lẹ́yìn ọdún tó ju àádọ́jọ lọ, kó sọ pé baba ńlá òun nìyí. Bí kò bá sí orúkọ níbẹ̀, níbo ni ì bá ti bẹ̀rẹ̀?

Ní 1862, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, Henry P. Moore ya àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbin ọ̀dùnkún ní oko Hopkinson ní erékùṣù Edisto. Ní ọdún kan náà, Timothy O'Sullivan ya ìdílé kan ní oko Smith ní Beaufort, ìran márùn-ún lójú kan, tọmọdé tàgbà. Ẹ lè rí àwọn méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ilé ìkówèésí Library of Congress. Ẹ wò wọ́n pẹ̀lú fọ́tò tiyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú yín á là sí bí wọ́n ṣe ń to ènìyàn. Ní Brazil, Marc Ferrez ya àwọn ẹrú nínú oko kọfí ní àfonífojì Paraíba láàrin 1882 sí 1885, tí wọ́n tò pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ìkórè. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún ọdún 1888 ni òfin tó dá wọn sílẹ̀ jáde. Ilẹ̀ yẹn kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bahia, Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ṣáájú ti Ferrez, ní Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, onífọ́tò Gẹ̀ẹ́sì Julia Margaret Cameron ya àwọn òṣìṣẹ́ oko nígbà tó lọ gbé ibẹ̀ láti 1875. Àwòrán wọn gún régé, ẹwà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀pọ̀ wọn kò bá àwòrán náà wá.

Ẹ tún rántí bí iṣẹ́ náà ṣe le nígbà yẹn. Láti ọdún 1851 tí Frederick Scott Archer ti mú iṣẹ́ gíláàsì tútù jáde, onífọ́tò ní láti da oògùn sójú gíláàsì, kó fi ya àwòrán, kó sì fọ̀ ọ́ kí oògùn náà tó gbẹ, gbogbo rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá ń lọ sóko, á gbé àgọ́ òkùnkùn rẹ̀ dání. Ẹni tí wọ́n ń yà kò gbọdọ̀ mira. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọkùnrin tó gbé ọkọ́ sókè nínú àwòrán ìgbà náà, kò roko lásìkò yẹn, wọ́n ní kó gbé e sókè kó dúró bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá ibi tí àwòrán ti rú, bí ọmọdé tó yí orí, ewúrẹ́ tó ń kọjá, tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn fẹ́. Ibẹ̀ ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún ti wọlé.

Gíláàsì gbígbẹ, tí Richard Leach Maddox bẹ̀rẹ̀ ní 1871, ló tú onífọ́tò sílẹ̀ lọ́wọ́ àgọ́ yẹn. Nígbà tí Kodak sì gbé kámẹ́rà kékeré Brownie jáde ní 1900 ní dọ́là kan péré, ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ fọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán.

Lọ́dọ̀ tiwa, ogun Ìmágbọ̀n ní 1892 ló ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú sílẹ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Èkó ti ní onífọ́tò nígbà náà. N. W. Holm tó wá láti Accra ṣí ilé fọ́tò síbẹ̀ ní 1896. Kòkó ti ń tàn kálẹ̀ láti Agége, níbi tí J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin láti ìlú wa àti láti òkè lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú kòkó àti obì gbàǹja, wọ́n sì gbé irúgbìn bọ̀ wálé. Ẹ dákun, ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá tí ẹ fẹ́ dá nìkan fi sílẹ̀ lórí pósítà, ó lè jẹ́ òun gan-an ni lébìrà tó dúró lẹ́yìn nínú fọ́tò oko ẹlòmíràn ní Agége nígbà tó wà lọ́mọdé. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ olóògbé, ọ̀pọ̀ wọn a sì dákẹ́.

Ẹ wo ilé kí ẹ tó wo ojú

Ojú ènìyàn ló máa ń kọ́kọ́ fà wá, àmọ́ ilé ló máa ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òrùlé. Imọ̀ ni àbí páànù? Bó bá jẹ́ páànù lórí ògiri amọ̀, owó ti ń wọlé. Ẹ ka ilẹ̀kùn. Ilé gígùn tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, tí fèrèsé kò sí tàbí tó kéré, ilé àwọn òṣìṣẹ́ ni, yàrá kan fún ẹni kan tàbí méjì. Ilé olóko máa ń ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú.

Ẹ wo ilẹ̀ ìta. Bí ààrò bá wà, tí ìkòkò omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí aṣọ ọmọdé wà lórí okùn, ìdílé ló ń gbé ibẹ̀, kì í ṣe ọkùnrin nìkan. Bó bá jẹ́ ẹní kíká àti àdá nìkan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ alágbàṣe tó wá fún ìgbà ìkórè. Bí àwọn ẹní bá tẹ́ sílẹ̀ lójú oòrùn, kòkó ni wọ́n ń sá.

Lẹ́yìn ilé, ẹ wo igi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò la fi ń ṣe ìbòòji fún kòkó kékeré, nítorí náà bí ẹ bá rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ga ju kòkó lọ, oko tuntun ni, kò tíì tó ọdún bíi mẹ́rin. Kòkó tó ti ń so ti tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ó kéré tán. Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn náà: gọ̀gọ̀ gígùn fún kòkó orí igi, àdá fún pípa kòkó. Bí pọ́ńpù ìfín-kòkó bá wà lẹ́yìn ẹnìkan, àwòrán náà kò lè jìnnà sẹ́yìn púpọ̀, ó sún mọ́ 1950 síwájú.

Ní Rẹ́mọ, obì ni, ìtàn rẹ̀ sì yàtọ̀. Obì pẹ́ ju kòkó lọ kó tó so, torí náà igi obì ńlá lẹ́yìn ilé ń sọ fún yín pé ìdílé náà ti pẹ́ lórí ilẹ̀ yẹn. Nínú fọ́tò obì, àwọn obìnrin ló máa ń pọ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń bó o, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń ṣà á sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́. Bí ọkùnrin oníbabaríìgà bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀, ẹ má sáré pè é ní olóko. Ó lè jẹ́ oníbàárà Hausa láti Sábó ní Ṣàgámù. Bí ẹ bá sì rí ilé sìmẹ́ǹtì tó jọra, tó tò gbọọrọ pẹ̀lú ilẹ̀ níwájú kálukú, tí wọ́n ní Ìkẹ́nnẹ́ ni, ẹ ronú sí àgọ́ oko ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní nǹkan bí 1960. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe lébìrà ẹnìkan, àwọn ló ń dáko fúnra wọn.

Ní ti ọjọ́ orí ìwé fọ́tò: èyí tó tín-ín-rín, tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ káàdì líle, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi funfun ẹyin ṣe, ìyẹn ni pé ó ti wà ṣáájú 1900 tàbí nítòsí rẹ̀. Èyí tó dúdú tó funfun, tí etí rẹ̀ ń dán bíi fàdákà bí ẹ bá yí i sí ìmọ́lẹ̀, ti ìgbà tó tẹ̀ lé e ni. Bó bá jẹ́ káàdì ìfìwéránṣẹ́, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún 1902 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gbà kí a kọ ọ̀rọ̀ àti àdírẹ́sì sí ẹ̀yìn kan náà, nítorí náà èyí tó ní ìlà láàrin ẹ̀yìn kì í sábà ṣáájú ọdún yẹn. Ẹ wá òǹtẹ̀ onífọ́tò pẹ̀lú.

Bí ẹ ṣe máa bi àgbà

Ẹ tẹ ẹ̀dà ńlá kan jáde, ẹ mú un lọ. Ẹ má gbé ojúlówó rìn. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ nígbà tí ara wọn bá le, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ jókòó, ẹ gba ohun tí wọ́n bá fi ṣe yín lálejò. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gba ohùn wọn sórí fóònù.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ta nìyí?" Bí wọn kò bá mọ ẹni náà, wọ́n á rò pé àwọn ti ṣẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ẹ bèèrè nípa ilé. Ìyá àgbà kan wà ní Òkè-Sọ́pẹ́n tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti sọ pé kò rántí nǹkan kan mọ́. Mo fi fọ́tò abà wọn hàn án, mo ní, "Ìyá, ilẹ̀kùn wo ni wọ́n máa ń gbà wọlé níbí?"

Ó wò ó títí. "Èyí kejì. Èmi ni mo máa ń ti í lálẹ́, ọmọ mi. Ó máa ń dún."

"Ta ló wà nínú yàrá tó tẹ̀ lé e?"

"Àgàtú."

"Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ńkọ́, Ìyá?"

Ó ronú, ó sì sọ ọ́. Ó tún sọ pé òun ló máa ń gbé àwọn kọjá odò nígbà òjò, pé ìyàwó rẹ̀ bímọ sí abà náà, pé ọmọ yẹn ń gbé ní Ọ̀rù títí di òní. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó jókòó tì wá kò gbọ́ ọ rí. Ẹ kíyè sí i: Àgàtú, Ìgbìrà, Ìṣọ̀bọ̀, ibi tí ènìyàn ti wá nìyẹn. Ẹ máa béèrè orúkọ rẹ̀ gan-an lẹ́yìn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ gba àkókò. Bí ọmọ lébìrà náà bá wà nítòsí, ẹ mú ẹ̀dà kan lọ fún un. Ó ṣeé ṣe kí ó má ní fọ́tò bàbá rẹ̀ kankan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó dúró lẹ́yìn olóko ló ń gbowó. Ìwọ̀fà wà nínú wọn, ẹni tí ń fi iṣẹ́ sin gbèsè ìdílé rẹ̀, nínú fọ́tò tó pẹ́ gan-an a sì lè rí ẹni tí wọ́n rà. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ń gbé láàrin wa, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì wà níbẹ̀. Bí àgbà bá sọ irú èyí fún yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi pa mọ́ sọ́dọ̀ ìdílé, ẹ má gbé e sórí Facebook. Orúkọ ẹni náà ni kí ayé mọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni ìyókù.

Kíkọ àti fífi pa mọ́

Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ̀wé sẹ́yìn fọ́tò. Báírò máa ń la ojú já, ó sì máa ń tàn bí ọ̀rinrin bá dé. Ẹ dojú fọ́tò dé sórí ohun tó tẹ́jú, kí ẹ má tẹ pẹ́ńsùlù mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ oníke tí pẹ́ńsùlù kì í mú, ẹ kọ ọ́ sí ìwé mìíràn kí ẹ fi í sínú ẹ́ńfílóòpù kan náà. Láti òsì sí ọ̀tún ni kí ẹ to orúkọ, ìlà ẹ̀yìn kó ṣáájú, kí olóko bọ́ sí àyè tirẹ̀ láàrin wọn. Ibi tí ẹ kò bá ti mọ orúkọ, ẹ kọ "a kò tíì mọ̀," kí ẹ má fo àyè rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ abà, ìlú tó sún mọ́ ọn, ẹni tó sọ ọ́ fún yín, àti ọjọ́ tó sọ ọ́.

Ẹ́ńfílóòpù ìwé dára ju náílọ́ọ̀nù lọ, torí náílọ́ọ̀nù máa ń sé ọ̀rinrin mọ́nú. Ẹ gbé àpótí rẹ̀ kúrò nílẹ̀ nítorí ikán, kí ó má sì wà lábẹ́ páànù tí ooru ti ń mú. Èyí tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri, kí ó jẹ́ ẹ̀dà. Bí ẹ bá ń kó ẹ̀dà sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ sọ orúkọ fáìlì ní orúkọ abà àti ìdílé, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ ilé méjì ó kéré tán tí wọn kì í gbé ilé kan náà.

Ní ti pósítà, mo ṣì ń gé e bí wọ́n bá ní dandan, ojú Bàbá ni àlejò fẹ́ rí lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí odindi fọ́tò wọnú ìwé ètò ìsìnkú, kí ó gba ojú ewé kan gbáko, kí orúkọ gbogbo wọn wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí: ìlà ẹ̀yìn, láti òsì, orúkọ kìíní, èkejì, ẹni tí a kò tíì mọ̀, ẹkẹrin; níwájú, Bàbá; ilé tó wà lẹ́yìn wọn, abà wa ní ọ̀nà Àwà. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, kí nọ́ńbà fóònù ọmọ ilé kan wà níbẹ̀, kí ẹni tó bá mọ ọkùnrin kẹta yẹn lè pè.